Ẹ̀pà Inú Ike Ọ̀dà àti Ibojì Ìyá Mi

Ibojì ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé wa ní Sabon Gari, lábẹ́ fèrèsé yàrá mi gan-an. Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ín ni àbúrò mi bí ọmọbìnrin. Kíá, gbogbo wa ní Ìyá ti padà dé. Èmi àgbàlagbà onírùngbọ̀n, àràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọwọ́: "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá mi." Ilé á gba ẹ̀rín.

Ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró lórí sìmẹ́ńtì ibojì, ó ní, "Bàbá," bó ṣe ń pe èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, "ṣé ibí lẹ sin mí sí?"

"Sin ta sí?"

"Èmi. Nígbà tí mo kú."

Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe. Táyà tírélà ti bẹ́ létí mi rí, mi ò mira. Lọ́jọ́ náà, wallahi, mo bá ara mi lójú títì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo sọ fún aládùúgbò pé gàrí ni mo fẹ́ rà.

Kò dákẹ́ síbẹ̀ o. Bó bá ti ti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi dé, á lọ lẹ etí mọ́ sìmẹ́ńtì. "Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀ mọ́," á wí. "Èèpo nìkan."

Oorun dá lójú àbúrò mi, ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ nípa ilé àdúrà kan ní Chanchaga, níbi tí wọ́n ti ń fi ebi ọjọ́ mẹ́ta lé ohun tó bá wà nínú ọmọ jáde. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ṣé ká lọ lọ́la?"

Mo ní ká lọ. Ìbẹ̀rù ló bá mi dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ ni mo tó wo apá ọmọ náà, tó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta! Mo wú ikọ́ bí ọlọ́pàá. "Ta ló sọ fún ẹ pé èèpo ló kù?"

Ó fà mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo rò pé ibojì là ń lọ, àfi ìdí ike ọ̀dà tí mo gbin ẹ̀pà sí. Ó fa ọ̀kan tu. Èèpo pupa òfìfo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní ẹ̀pà tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ ló dìde, ó di èyí. Ẹ bo Kaka mọ́lẹ̀." Kaka ni òun àtàwọn ọmọ Haúsá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ìyá àgbà. "Ó dìde, ó di èmi. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Àwa la kó ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun kàn so ó pọ̀ ni, bí bàbá wa ṣe ń so wágùnù mọ́ wágùnù nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní réluwé. Ìkíni ẹnu ara mi ni mo sá fún dé títì.

Mo pe àbúrò mi, mo ro ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà fún un. "A ò lọ mọ́. Èmi ni kí wọ́n febi pa."

Ó nu ojú rẹ̀. "Kí wọ́n febi pa bàtà ẹsẹ̀ kan tẹ́ ẹ fi sá yẹn náà."

Mo wá jókòó ti ọmọ náà. Mo ní òun kọ́ ni Ìyá, ọmọ àbúrò mi ni. Mo ní Ìyá ṣì wà níbi tí a sin ín sí.

Ó yíjú sí sìmẹ́ńtì náà.

"Kai. Bàbá, tó bá ṣì wà ńbẹ̀, kí ló dé tí kò tíì hù?"

Mo kó ẹní mi kúrò lẹ́bàá fèrèsé lọ sí pálọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo ní ooru ló ń mú mi.