Fídíò róbọ́ọ̀tì Rónkẹ́ ò ní kúrò

Mi ò ní yọ fídíò yẹn kúrò. Ẹ jẹ́ kí n ti yáa sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí nílé ìwé wa ní Bódìjà, Rónkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, gbé róbọ́ọ̀tì tó fi páálí àti mọ́tò fáànù tó ti bàjẹ́ ṣe sílẹ̀. Mo ń fi fóònù ya fídíò ẹ̀.

Ó ní, "Ojú ẹ̀ nìyí, Àǹtí. Tó bá ti rí ògiri níwájú, á dúró, á yà."

Lóòótọ́, ó yà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo gbé fídíò náà sórí ayélujára.

Kò pé wákàtí kan tí ọ̀gá ilé ìwé fi ránṣẹ́ pè mí.

"Àǹtí Bùkọ́lá, kí ló dé tọ́mọ yẹn ń sọ Yorùbá? Àwọn òbí á rò pé a ò kọ́ àwọn ọmọ wọn lóyìnbó. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ ya òmíì."

A ya òmíì. Gẹ̀ẹ́sì há sí Rónkẹ́ lọ́fun, ló bá ń wolẹ̀. Róbọ́ọ̀tì ẹ̀ ń yà níbi ògiri ní tiẹ̀, kò bèèrè èdè kankan.

Mo padà lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ti àkọ́kọ́ ló máa wà lórí ayélujára."

Wọ́n ní kí n kọ̀wé wá ṣàlàyé ara mi lọ́la. Màá kọ ọ́. Yorùbá ni màá sì fi kọ ọ́.

Fídíò náà nìyí nísàlẹ̀. Ẹ fi Yorùbá bi Rónkẹ́ ní ohun tí kò bá yé yín, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan.