Oògùn Ikọ́ Tí Ìyá Àgbà Pín sí Mẹ́ta

Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, sùn ní Èrúwà tí wọn kò fẹ́ jí mọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ogun abẹ́lé ti parí, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá wọn lórí ẹní, èémí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bú sẹ́kún, ojú sì tún ń tì mí pé mo ń sunkún. Bàbá mi fi mọ́tò aládùúgbò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó lajú. Nọ́ọ̀sì tó fún wọn ní oògùn ikọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú bi wọ́n pé, "Màmá, báwo lẹ ṣe lò ó?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta? Mo pín ìgò sí mẹ́ta, mo mu ìdá kan."

"Yéè! Ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni mo wí! Oògùn yìí ń múni sùn. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró."

"Ikọ́ ọ̀hún ṣáà ti dákẹ́," ni Ìyá Àgbà fèsì.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ kún inú mi, síbẹ̀ n kò yé wo àyà wọn, bóyá ó ṣì ń lọ sókè sódò.