Tíṣà Babáṣọlá, Olùkọ́ Ṣáínà ní Òkè-Afá

Títí di òní, bí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni ní ọjà Aswani, kí wọ́n sáà ti rán an létí ọjọ́ tí olóògbé Tíṣà Babáṣọlá ṣe ògbifọ̀ fún Roqeebah, ẹ̀rín á sọ. Ọ̀gbẹ́ni Chen ló ti Ṣáínà dé, ó ń wá ẹni tí yóò máa ra aṣọ lọ́wọ́ òun. Roqeebah, tó ń ta àǹkárá, sáré lọ pe tíṣà tó ń kọ́ ọ ní èdè náà.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún un pé mo fẹ́ ra aṣọ."

"Ìyẹn ò le rárá." Bàbá tún fìlà ṣe. Mǎi ni kí èèyàn ra nǹkan, ohùn á tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè. Mài ni kí èèyàn tà á, ìyẹn á kàn já wálẹ̀ gbì ni. Bàbá fi ìgboyà já a wálẹ̀ gbì.

Ẹnu ya Ọ̀gbẹ́ni Chen. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àǹkárá Roqeebah wò, ó ń kó o sábẹ́ apá, ó sì juwọ́ sí alábàárù.

"Tíṣà! Ó ń kó ẹrù mi lọ o!"

"Bù! Bù!" Bàbá figbe ta. "Kò" ló ní lọ́kàn. Àmọ́ bù náà ni wọ́n ń pe aṣọ, ni àlejò bá tún fa ìdì kan kún un.

Nígbà tó sú ọkùnrin náà, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó nu òógùn, ó ní, "Madam, abeg, you wan buy àbí you wan sell?"

Bàbá yíjú sí Roqeebah. "Ṣé o rí i? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé mi ni o, ó ti ń sọ Píjìn."

Ọmọ Èkìtì ni Bàbá, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì rìn kọjá Kútọnu rí. Inú fóònù ló ti kọ́ Ṣáínà. Ní àràárọ̀ Sátidé, á to bẹ́ǹṣì sí fàráńdà rẹ̀, àwọn ọlọ́jà tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Guangzhou á sì jókòó bí ọmọ jẹ́léósinmi.

"Ṣé" tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀, iwájú la máa ń fi í sí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni Ṣáínà ń fi "ma" tiwọn sí. Kí Bàbá má baà gbàgbé, ó ń fi Yorùbá dánra wò nílé: "Ìyá Morọ́lá, oúnjẹ ti jinná, ma?" "O ti wẹ̀, ma?" Ni ìyàwó rẹ̀ bá ń bu ẹran lé ẹran fún un. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti kọ́ ọkọ òun bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan ni kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

"Ẹ ò kàn lè sọ pé ṣòkòtò kan," ni Bàbá wí. "Nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní ìdílé, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ìdílé yẹn. Yì tiáo ni ti ṣòkòtò kan. Yì tiáo náà ni ti ẹja kan, torí nǹkan gbọọrọ làwọn méjèèjì."

"Ṣòkòtò àti ẹja, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, sà?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n."

Roqeebah gbóòórùn ṣòkòtò Mùktárù oníjíǹsì tó jókòó tì í, ó ní, "Abájọ!"

Àmọ́ nígbà tí Roqeebah sọnù ní Guangzhou, gbólóhùn tó kọ́ lórí fàráńdà yẹn ló fi béèrè ọ̀nà. Obìnrin kan dá a lóhùn, ó sì sìn ín dé òtẹ́ẹ̀lì. Ló bá pe Bàbá lórí fóònù.

"Tíṣà, wọ́n gbọ́ mi!"

"Lóòótọ́?" ni Bàbá béèrè.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá dágbére fáyé. Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n, síbẹ̀ gbogbo kíláàsì dé. Ìyá Morọ́lá wò wọ́n, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó sì wọlé padà. Wọ́n ti Roqeebah síwájú pé kó fi Ṣáínà sọ̀rọ̀ nípa Bàbá.

"Tā shì wǒmen de lǎoshī," ló wí. Òun ni olùkọ́ wa. Ló bá dúró. Omi lé sí i lójú. "Àmọ́ ó ti kú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òun ni olùkọ́ wa nígbà kan rí."

Ohùn kan ti kíṣìnì wá: "Shì náà ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwọn kì í yí padà, ìbáà jẹ́ àná, ìbáà jẹ́ òní."

Gbogbo wọn yíjú. Ìyá Morọ́lá ló yọjú, ṣíbí ìrobẹ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ó ní. "Ẹ tún un sọ."

Wọ́n sì tún un sọ.