Ilé Aláró Tí Ìyá Mi Kò Fi Sílẹ̀

Ẹ má fi ilé aláró Manigri wé ti Bassila níwájú mi bí ẹ kò bá fẹ́ kí inú bí mi. Ilé méjèèjì ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo mọ èyí tó ń fi oúnjẹ bọ́ ènìyàn, mo sì mọ èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bọ́ ènìyàn.

Nígbà èwe mi, kí àwọn Faransé tó gba ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ aláró láti Alédjo títí dé Doguè, ilé kan ní Manigri ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, àwọn ìkòkò ibẹ̀ sì ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìyá Aláró ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ín. Ìyá tó bí mi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń sẹ́ omi eérú, òun ló ń tọ́ aró wò lórí ahọ́n, òun náà ló ń sọ pé, "Ó ti jinná, ẹ kó aṣọ wá." Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Mi ò mọ bí àwọ̀ ọwọ́ ìyá mi ṣe rí gan-an títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ náà rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bí a bá ti da omi eérú lé ewé ẹ̀lú nínú ìkòkò, tí a sì dé e, ohun ẹlẹ́mìí la kà á sí láti ọjọ́ náà. A kì í jà nídìí rẹ̀. Èyí tó le jù ni pé ìròyìn òkú kò gbọdọ̀ wọ àgbàlá. Bó bá wọlé, aró á kú, á máa rùn, aṣọ tí a bá rẹ sínú rẹ̀ á jáde bí ẹrẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá kú nígbà tí aró wà láàyè, ilé Manigri kì í gbọ́. Wọ́n á lo aró náà tán ná, wọn á tó wá sunkún.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tó bá dàgbà sídìí iṣẹ́ wọn, ilé náà ló ń fún un ní aṣọ ìsìnkú, èyí tí wọ́n rẹ lárẹtúnrẹ títí tó fi dúdú tó ń dán. Bí ikú bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí ìkòkò ṣófo, aṣọ náà ni wọ́n fi ń di òkú. Ká tó jí, aṣọ yẹn ni ìyá mi ń sọ. Ká tó sùn, òun náà ni. Ẹ̀kọ tútù ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láti ilé ara rẹ̀. Bí àkókò àtiwa iṣu bá tó, wọn kì í jẹ́ kó lọ sóko. Ọmọ ọwọ́ ni mí tó ti pọ̀n mí padà sídìí ìkòkò. Ó ní kò burú, aṣọ òun ń bọ̀.

Èmi ò lè fara mọ́ ọn. Bí mo ti tó obìnrin, mo gba Bassila lọ. Obìnrin ẹ̀yà Anii kan ló ni ilé aláró tibẹ̀, a ò gbọ́ èdè ara wa tán, ọwọ́ àti ẹ̀rín la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Haà, ẹ wá wo iṣẹ́! Bí oòrùn bá kan àtàrí, iyán ti dé, ẹran ìgbẹ́ ń yọjú nínú ọbẹ̀. Bí àkókò iṣu bá tó, á lé gbogbo wa lọ sóko wa. Ẹni tó bá bímọ á jókòó sílé títí ọmọ á fi mọ ẹ̀rín rín, oúnjẹ á sì máa tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa kú lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló dojú ìkòkò kan bolẹ̀, ìkòkò tí a gún ẹ̀lú rẹ̀ títí èjìká fi ń ro wá. Aró náà ṣàn gba inú àgbàlá kọjá dé ojú ọ̀nà. Gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ sìnkú.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n ń da aró nù nítorí ènìyàn níbẹ̀!"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Wọ́n da aró nù? Ọ̀lẹ ni wọ́n. Ta ló sì máa sin mí ní Bassila, àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn? Kí n fi ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé ró sílẹ̀ nítorí ẹran ìgbẹ́? Ọ̀fun rẹ ti gùn jù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bínú. Bí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọyẹ́ kan ló mú ikọ́ wá bá a. Nígbà tí mo fi dé láti Bassila, kò lè jókòó mọ́. Ìkòkò ilé Manigri kún, aró ti jinná, àwọn oníṣòwò oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń dúró de aṣọ. Ó ní ká sọ fún Ìyá Aláró pé òun ti bá mi lọ sí Bassila fún ìtọ́jú.

Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú. "Bí mo bá kú, ẹ má ké o. Bí wọ́n bá gbọ́, aró á kú."

"Aṣọ yín ńkọ́? Aṣọ tí ẹ ti ń retí láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́n?"

"Wọ́n á gbé e wá tó bá yá. Èmi ni mo tọ́ aró yẹn dàgbà. Ṣé èmi náà ni kí n wá pa á?"

Ọ̀sán ló kú, nígbà tí àwọn aládùúgbò wà lóko. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá ìyá wa, mo fi aṣọ funfun èmi alára dì í. Mo ti etí ìró mi bọ ẹnu, mo gé e jẹ. Láti ibi tí a wà, a ń gbọ́ bí wọ́n ti ń lu aṣọ ní àgbàlá ilé aláró, tí wọ́n ń kọrin sí i. Orin tí ìyá mi kọ́ wọn ni. Ìyá mi, ìyá mi ọ̀wọ́n, wọ ilẹ̀ lọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Ọjọ́ tí wọ́n lo aró tán ni ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ fún wọn. Ìyá Aláró sáré dé, aṣọ náà wà lápá rẹ̀. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá náà, ó ń sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn.

"Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Bí mo bá gbọ́ ni, ǹ bá da gbogbo aró náà nù. Kí ni aró?"

Mo ní, "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ti da aró nù nítorí ẹnikẹ́ni rí?"

Ó ní, "Ìyá rẹ ni kì í gbà, ọmọ mi. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ dà á nù, òun ló ń dì mí lọ́wọ́ mú."

Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn ló sì pa mí lára jù. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba aṣọ náà, mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Ìgbà náà ni mo tó ké. Mo ké títí àwọn aládùúgbò fi sáré wọlé, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú.