Àyè Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Fọ́tò

Orúkọ wọn wà lẹ́nu mi, gbogbo wọn, àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà ní kíláàsì ọmọ-ọmọ mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, mi ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Pírámárì mẹ́rin ni mo kà, ìwé ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá ti mọ orúkọ rẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Orí ẹní mi ní Ìkòtún níbí ni mo ti mọ̀ wọ́n. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló wà nídìí ìwé ìrántí tí àwọn tó ń jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì máa ń ṣe. Òun náà wà lára àwọn tó ń kọ ìròyìn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àìsàn foníkú-fọládìde tó bá a wáyé kì í jẹ́ kó lè lọ síléèwé déédéé lọ́dún tó kẹ́yìn yẹn, nítorí náà iṣẹ́ ìwé náà di ohun tó ń ṣe nílé. Wọ́n á kó fọ́tò pélébé-pélébé wá fún un, á máa gé etí wọn, èmi á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà. Bó bá gé ọ̀kan tán, á gbé e sókè sí mi.

"Màmá àgbà, ta nìyí?"

Tí mo bá ṣì í, á ní mo ti tún fún ọmọ Ìjẹ̀bú lórúkọ Íbò, á wá rẹ́rìn-ín títí egungun á fi máa ro ó. Bí orúkọ gbogbo wọn ṣe dé orí mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí kíláàsì wọn ya fọ́tò àjọyà, ọsibítù ló wà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ ní ìlà kejì. Wọ́n ní tó bá dé, wọ́n á ya tiẹ̀ lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbé e sáàárín wọn. Wọ́n wá sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ dùn. Kò bọ̀ mọ́.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, kó ìwé rẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ gbogbo sẹ́yìnkùlé, ó sì dáná sun wọ́n. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé bàbá mi l'Èkìtì nìyẹn, kí ojú ìyá má baà máa bá ẹrù ọmọ pàdé. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. A ò pè é. Oṣù mẹ́rin gbáko, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, màá kàn gbé ọ̀rọ̀ náà mì ni.

Ọ̀sán Sátidé kan ni àwọn ọmọbìnrin méjì wọlé tọ̀ mí wá. Ọ̀kan ni olóòtú ìròyìn wọn, ọmọ onígíláàsì ojú kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èkejì ni ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi, tí wọ́n jọ ń rìn lọ síléèwé láti pírámárì. Wọ́n kúnlẹ̀, mo fún wọn lómi. Wọ́n ní àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ń retí iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nǹkan méjì ló sì kù. Ìwé tí ọmọ-ọmọ mi to orúkọ kíláàsì sí, wọn ò rí i, ìnagijẹ nìkan ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ó ti jóná, mo sì sọ fún wọn. Èkejì ni àyè inú fọ́tò yẹn. Wọ́n ń wá àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀kan wà lóòótọ́, tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀, nínú Bíbélì mi. Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n yà á, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Olóòtú wò ó, ó ní ojú yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ní àwọn á gé orí yẹn, àwọn á gbé e lé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí nínú yúnífọ́ọ̀mù, torí pé àwọ̀ wọn bára mu.

Mo wo ọ̀rẹ́ náà. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá ẹ gbọ́ sí i?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n èmi ti gbà."

"Èmi ò gbà."

Mo ní orí ẹni tó ti lọ, a kì í gbé e lé ara ẹni tó ṣì ní ọjọ́ pípẹ́ láti lò láyé. Olóòtú ní kọ̀ǹpútà ṣá ni, kì í ṣe ètùtù. Mo ní mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni jàre, orí ni mi ò fẹ́ kí wọ́n fi dárà. Mo fi fọ́tò mi padà sínú Bíbélì. Ó wá ní, kò burú, a jẹ́ pé àwọn á fa apá méjèèjì mọ́ra, kí àyè náà pa dé. Ó ní àwọn atẹ̀wé ti sọ pé kò le.

Ó rẹ̀ mí nígbà yẹn ju bó ṣe rẹ̀ mí lọ́jọ́ tí a sin ín. Tí wọ́n bá pa á dé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan yẹ kó dúró níbẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni mo sọ.

"Màmá, àwọn èèyàn á rò pé a ṣe àṣìṣe ni."

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Gbé fóònù ẹ wá."

Olóòtú ṣí fọ́tò àjọyà náà, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kí ojú mi lè gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti òsì sọ́tùn-ún, ọ̀rẹ́ ń kọ ọ́. Mo pe ìlà iwájú tán. Mo wọ ìlà kejì, mo pe márùn-ún, mo wá dé ibi àyè náà. Mo pe orúkọ rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àti èyí tí èmi sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mi ò pariwo. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì lásán ló wà láàárín pálọ̀ àti yàrá wa, ọmọ mi sì wà nínú yàrá.

Ó jáde. Àwọn ọmọ náà tún kúnlẹ̀. Ó gba fóònù, ó wò ó títí, mo rò pé ó máa jù ú nù.

"Kì í dúró níbí yìí," ló ní. "Ó ga ju àwọn méjèèjì yìí lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tò ó sí."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mà," ni ọ̀rẹ́ dá a lóhùn.

Ọmọ mi wo ọmọ náà, ó tún wo fọ́tò. Ó dá fóònù padà, ó jókòó sí etí ẹní mi.

"Ẹ máa pè é lọ, Màámi."

Mo pe ìyókù ìlà kejì, mo pe ìlà ẹ̀yìn, títí dórí ọmọkùnrin tó gbẹ̀yìn pátápátá. Mo ní ó tán. Ọmọ mi ní kí n tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun ò gbọ́ àwọn tó ṣáájú.

Mo tún un pè.