Rábì Tó Ń Gé Fíìmù

Ọmọ-ọmọ mi ló ń fi asitóònù nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná lọ́jọ́ Sátidé, ni òórùn náà bá gbé mi padà sí Òmù-Àrán ayé ọjọ́un, nígbà tí èmi àti Rábì ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Irú òórùn yẹn gan-an ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ fíìmù máa ń ní. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi ìka gé fíìmù lórí fóònù, abẹ la fi ń gé e nígbà kan, tí a ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Èkó ló wá ya fíìmù ní agbo ilé wa. Nígbà tó padà wá gé e, ó háyà yàrá kan, ó ní òun ń wá ọmọbìnrin méjì tí ọwọ́ wọn mọ sísọ́ọ̀sì. Àwa ni ọ̀gá wa fà kalẹ̀. A ń fi fíìmù kọ́ sára ìṣó bí ẹní sá aṣọ. Ó wá ní òun máa mú ẹnì kan nínú wa lọ sí ilé iṣẹ́ òun l'Ékòó, kó di agéfíìmù pátápátá. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn ju ọkọ lọ.

Ó fún àwa méjèèjì ní ẹ̀dà kan náà láti tò: ìyàwó tuntun kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná lọ. Èmi rò pé kó yá ló dára. Bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, mo gé e, ó ti bá ara ẹ̀ nídìí ààrò. Ti Rábì gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀: ìyá béèrè bàbá, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè oko, kó tó ní kó dìde. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n fi han àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Tèmi ló ṣíwájú. Ìyá àgbà inú fíìmù náà, ará agbo ilé wa tó jókòó sáàárín àwọn tó ń wòran, fò dìde: "Ṣé wọ́n kí mi, mi ò wá dáhùn ni? Ta ló sọ mí di òǹrorò lójú ayé?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó kan ti Rábì, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń bá ìyàwó náà dáhùn: "Wọ́n wà. A dúpẹ́."

Rábì ló lọ. Mo jowú débi pé mi ò sìn ín dé ọkọ̀, mo ní inú ń run mí. Ó di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí iṣẹ́ yẹn, èmi sì ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Gbogbo fíìmù tó gé tó bá dé Òmù-Àrán ni mo lọ wò. Àṣìṣe ẹ̀ ni mò ń wá. Mi ò rí.

Ilé iṣẹ́ fíìmù yẹn ti di ilé ìtajà báyìí, àwọn abẹ yẹn ti dípẹtà. Owú tèmi ò dípẹtà ní tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Rábì wálé wá ṣe fìdáù ìyá ẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbéraga ẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìparí fíìmù ni wọ́n máa ń kọ orúkọ mi sí. Kó tó jáde, gbogbo èèyàn á ti dìde, wọ́n á ti máa lọ."

Mo ní, "Èmi kì í dìde."

Òótọ́ ni. Mo máa ń jókòó títí orúkọ ẹ̀ á fi jáde, tí inú á bí mi dáadáa, kí n tó lọ sílé. Rábì dì mọ́ mi, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi. Mi ò sọ fún un pé owú ló ń mú mi jókòó.