Iná Pupa Tí Bàbá Agbeko Kò Rí

Ní gbogbo ọdún tí Bàbá Agbeko fi wa reluwé láti Lomé lọ sí Kpalimé, kò kọjá iná pupa rí. Nígbà tí reluwé kógbá sílé, tí koríko bo ojú irin, ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Dzigbodi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fi wá eré kan sórí kọ̀ǹpútà ilé fún un, eré tí èèyàn fi ń wa reluwé bí ẹni pé òótọ́ ni. Láràárọ̀, bí bàbá bá ti jẹ ablo àti ẹja díndín tán, á fọwọ́, á jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Òun kan náà ni Dzigbodi fi ń ṣe ìwé ìkéde òkú fún àwọn ará àdúgbò. Nígbà tó yá, reluwé bàbá ò rìn dáadáa mọ́. Á dúró, á ta pọ́n-ún, á tún dúró.

"Dzigbodi, wá wo ọkọ̀ mi. Ó ń rìn bí ẹni tó mu sódàbì yó."

Oníbàárà ń dúró de Dzigbodi lọ́jọ́ náà. Ó fi ìkánjú ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún àwòrán eré náà ṣe, ó sì fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá: òjìji, ewé igi, dídán omi, àti bí ọ̀nà ṣe ń hàn jìnnà tó. Kò yẹ ìkankan wò. Reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Bàbá súre fún un títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni ìṣe bàbá yí padà. Á dìde nídìí eré kí ọkọ̀ tó dé ibùdó. Lọ́jọ́ kan, Dzigbodi ti ọjà dé, kò bá alùpùpù bàbá lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, alùpùpù yín dà?"

"Mo ti fún Senyo, ọmọ àbúrò mi. Ó ti gbé e lọ sí Kpalimé."

"Kí ló dé?"

"Ojú mi ti lọ, ọmọ. Iná pupa á wà níwájú mi nínú eré yẹn, mi ò ní rí i àfi tí mo bá dé ìdí ẹ̀. Ẹni tí ò rí iná, kí ló ń gun alùpùpù kiri láàárín ọmọ ọlọ́mọ fún?"

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bàbá sùn lọ́sàn-án, Dzigbodi jókòó sídìí eré náà fúnra rẹ̀. Iwájú reluwé funfun bí ẹni pé ọyẹ́ bo gbogbo ayé. Lójijì ni iná pupa yọ síbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, kó sì tó tẹ ìjánu, ó ti kọjá rẹ̀. Ojú ọ̀dọ́ ni tirẹ̀ o. Ó rántí ohun tó fà wálẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó yẹ kó jí bàbá níbẹ̀ yẹn, àmọ́ ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó lọ dáná. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ní kí ó bá òun sún àga, kì í lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, bàbá àti Dzigbodi fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn mú. Ní ìdajì ọ̀nà, bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ àgbàdo. Obìnrin náà bi í léèrè alùpùpù.

"Ọjọ́ ogbó ló dé," bàbá dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà tí wọ́n dìde ni Dzigbodi kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni."

"Ìwọ, báwo?"

"Ọjọ́ tí mo tún eré yẹn ṣe, mo gé bí ọ̀nà ṣe ń hàn jìnnà kù, kó lè yára. Iná yẹn kì í sí níbẹ̀ rárá títí ẹ fi máa débẹ̀. Èmi náà kọjá ẹ̀."

Bàbá dúró. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan."

"O sì ń wò mí."

Ó ṣíwájú, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Dzigbodi dá bí ọ̀nà ṣe ń hàn jìnnà tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi òjìji àti ewé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dín dídán àwòrán kù díẹ̀. Reluwé kò sáré tó ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ iná pupa hàn lókèèrè, bàbá rọra tẹ ìjánu, ó dúró kí ó tó dé ìdí rẹ̀.

"Ó ṣì ń ta díẹ̀," Dzigbodi wí. "Ẹ jẹ́ kí n . . ."

"Fi sílẹ̀. Mo ti ń rí i."

Dzigbodi pe Senyo láti bẹ̀ ẹ́ pé kó dá alùpùpù padà. Alùpùpù náà ni Senyo fi ń gbé èrò báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Senyo, má dá a lóhùn. Ọwọ́ ẹ ló ń gbé báyìí."

Láti ìgbà náà, bí Dzigbodi bá fẹ́ tún ohunkóhun ṣe nínú kọ̀ǹpútà, bàbá á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí nìyẹn? Kí ló ń ṣe?" Kì í fi ìbínú bi í. Dzigbodi á sì máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìgbé ojú sókè.